Ṣé oògùn ṣúgà ló pa kinní mi ni, àbí kí ló ṣẹlẹ̀?

Rẹ̀wáyà Òròkí · Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orúkọ mi kọ́ ni mo fi sókè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi. Wáyà mọ́tò ni mò ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọláìyá ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún 47 ni mí, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́ta.

Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́jọ́ yẹn, 231 ni ṣúgà mi láàárọ̀ kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọ́n fún mi ní metformin, mo lò ó, ó wálẹ̀ dé 118. Inú wa ń dùn. Àsìkò yẹn náà ni kinní mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó lè dìde o, àmọ́ kì í dúró. Ẹ sáà mọ táyà tó ní ihò abẹ́rẹ́: ẹ máa fún un ní afẹ́fẹ́, á le dáadáa, kí ẹ tó dé Òkè-Fìà ó ti rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì ní oògùn ṣúgà yẹn ni, pé akúra ló máa ń sọ ọkùnrin dà. Mo gbà á gbọ́. Oṣù keje rèé tí mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Kò sàn. Ṣe ló tún burú sí i. Tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́, ó máa ń jí ṣáájú mi, ní báyìí, èmi ni mò ń dá jí. Mo ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, mo ti mu ti ọ̀pá ẹ̀yìn, mo ti mu alé inú ìgò. Èyí tí mo mu ní Sátidé mú kí àyà mi máa lù kì-kì-kì títí ilẹ̀ fi mọ́, kinní ọ̀hún sì sùn sílẹ̀ bíi pé ẹnikẹ́ni ò pè é. Ìyá mi ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ti lọ bu omi Ọ̀ṣun wá fún mi, kẹ́ẹ̀gì odidi kan. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Yàrá àwọn ọmọ ló ń sùn báyìí.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé oògùn yẹn ló bà á jẹ́? Tó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tí kò padà nígbà tí mo ti pa á tì?

Aláṣejù · Ọjọ́ Ajé, 10:59 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá àwọn mọlà ní Sábó, ẹ ní kí wọ́n fi bùràntáṣí sí ṣúyà yín dáadáa. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ wá ròyìn. Yàrá àwọn ọmọ kẹ̀? Á padà wá fúnra rẹ̀ ni.

Alábòójútó · Ọjọ́ Ajé, 11:20 alẹ́

Mo ti yọ ìfìránṣẹ́ méjì kúrò níbí. Ẹni tó fi nọ́ńbà fóònù àti iye owó àgbo síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì yín rèé. Ọjà kọ́ là ń ná níbí. Ọ̀gbẹ́ni Rẹ̀wáyà, ẹ má bínú, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa tó dé.

Nọ́ọ̀sì Mọjú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:32 ìdájí

Ẹnu iṣẹ́ òru ni mo wà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ kí n tó lọ sùn.

Bọ̀dá mi, metformin kò sí lára oògùn tí a mọ̀ pé ó ń pa nǹkan ọkùnrin. Ṣúgà fúnra rẹ̀ ló ń pa á. Ohun tó dà yín rú ni pé méjèèjì bá ara wọn pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n rí ṣúgà lára yín kọ́ ló wọlé o. Ìtọ̀ ṣúgà tí àgbàlagbà máa ń ní yìí lè wà lára ọdún bíi mélòó kan láìsọ̀rọ̀: èèyàn á máa tọ̀, á máa gbẹ òǹgbẹ, á ní ooru ló mú. Gbogbo àsìkò yẹn ló ti ń jẹ iṣan. Kí oògùn tó dé, iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ. Nígbà tí ẹ wá pa oògùn tì, ẹ ṣílẹ̀kùn fún olè padà.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n. Kinní ọkùnrin ò ní eegun, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dúró. Inú rẹ̀ dà bíi kànìnkànìn, méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ara bá fẹ́, ọpọlọ á rán iṣẹ́ gba ara iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn wáyà tiyín. Tí iṣẹ́ bá dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọ inú kànìnkànìn. Bí kànìnkànìn bá ṣe ń wú ló ṣe ń tẹ ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde pa. Ohun tó ń mú un dúró nìyẹn. Tí wáyà bá jẹrà, iṣẹ́ ò ní dé. Tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá gan, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó, kò sì ní há. Ìtọ̀ ṣúgà kì í mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀, méjèèjì ló ń bà jẹ́ pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń le ju ti ẹni tó jẹ́ pé ìrònú lásán ló ń dà á láàmú.

Ti àárọ̀ tí ẹ sọ yẹn ṣe pàtàkì. Ọkùnrin tí kinní rẹ̀ ń dìde lójú oorun tàbí láàárọ̀, àmọ́ tí kì í dìde lọ́dọ̀ ìyàwó, a máa ń kọ́kọ́ wo ìrònú àti ìjà ilé. Èyí tí kò dìde níbì kankan mọ́, ara la máa ń wò.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ní ohun dídùn ń fa jẹ̀dí, jẹ̀dí sì ń pa okó. Jẹ̀dí ò lọ́wọ́ sí i. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: àwọn àgbà wa rí i pé adùn àti àìlera ọkùnrin jọ ń rìn. Ojú wọn ríran. Ọ̀nà tó ń gbà ni wọ́n ṣì.

Ìbéèrè tèmi: ìgbà wo lẹ wo ṣúgà kẹ́yìn? Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ yín ń ta yín? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ṣé ẹ ń mu sìgá?

Omi Ń Ṣàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí nọ́ọ̀sì. Pọ́ńbà ni mí, èmi ò mọ̀ nípa wáyà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti páìpù. Omi tí wọ́n ń fà láti kànga sínú ilé, tó bá ní ìdọ̀tí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ń kọ́kọ́ dí? Kì í ṣe páìpù ńlá tó ti orí táǹkì bọ̀. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sídìí ẹ̀rọ baluwẹ̀ ni. Onílé á ní "ẹ̀rọ yìí ò dáa, pààrọ̀ ẹ̀", mo máa tú u, ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Mo máa ní kí wọ́n jẹ́ ká wo páìpù ńlá, wọ́n á ní owó ni mò ń wá. Lọ́jọ́ tí páìpù ńlá bá wá dí, gbogbo ilé ló máa gbẹ.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ara náà rí? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Apòògùn Ìgbóǹnà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:48 àárọ̀

Ẹnikẹ́ni ò lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Ọ̀gá Pọ́ńbà. Ohun tí àwọn dókítà ọkàn ń sọ gan-an lẹ sọ. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú nǹkan ọkùnrin kò fẹ̀ ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Àwọn tó ń bọ́ ọkàn fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Ìdọ̀tí kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn lára, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kọ́kọ́ ké gbàjarè. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ọkàn wá dà láàmú ni kinní wọn ti kọ́kọ́ kọṣẹ́ ní bí ọdún méjì sí márùn-ún ṣáájú. Nítorí náà, ọkùnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ní "ẹ fún mi ní èyí tó lágbára jù", mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ́yìn. Àwọn míì máa ń bínú jáde. Mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti nọ́ọ̀sì. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó bo inú iṣan ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Awọ yìí pẹ̀lú àwọn iṣan ìmọ̀lára ló ń tú nǹkan kan jáde tó ń jẹ́ nitric oxide, òun ló ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó dẹ̀. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, awọ yẹn á bàjẹ́, nitric oxide á dínkù. Sìgá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1998, wọ́n fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀bùn Nobel nítorí ohun tí wọ́n rí nípa nitric oxide, ọdún kan náà sì ni sildenafil, tí gbogbo yín mọ̀ sí Viagra, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe torí abẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é? Àyà dídùn àwọn ọlọ́kàn ni wọ́n ń wá oògùn fún. Páìpù náà ni.

Ohun tí sildenafil ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ara tètè pa iṣẹ́ tí nitric oxide bẹ̀rẹ̀ run. Kì í dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tí nitric oxide bá ti gbẹ pátá, kí ló fẹ́ ràn lọ́wọ́? Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá tí wọn ò bá mójú tó ṣúgà náà.

Ó tún ku alé inú ìgò. Ọ̀gbẹ́ni Rẹ̀wáyà, àyà tó ń lù kì-kì-kì yẹn ò dùn mọ́ mi. Nínú irú àgbo bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń lọ sildenafil sínú rẹ̀ láìsọ fún ẹni tó ń rà á, tàbí ohun tó jọ ọ́. Àwọn aláṣẹ oògùn ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ò mọ bó ṣe pọ̀ tó, bóyá ẹ tún fi ògógóró gbé e mì. Bùràntáṣí tí Aláṣejù ń dárúkọ, èèpo igi ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè, ó sì ń mú ọkàn sáré. Fún ẹni tí a ò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ru tó! Ẹ wo ara ìgò bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, tí kò bá sí, ẹ dà á nù.

Aláṣejù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:01 àárọ̀

Mo ti gbọ́ o, apòògùn. Eré ni mò ń ṣe. Àmọ́ èmi gan-an ń jẹ ẹ́…

Apòògùn Ìgbóǹnà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:04 àárọ̀

Mo mọ̀. Ẹ wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbà Baba Wa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Gbogbo yín ti di òyìnbó. Bàbá mi ò mu metformin kankan, ìyàwó mẹ́rin ni wọ́n fẹ́, ọmọ 17 ni wọ́n bí. Ewé àti egbò ni wọ́n lò. Ẹ̀wúro ń fọ ṣúgà kúrò lára, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ mu omi ẹ̀wúro láàárọ̀ fún ọjọ́ 21, ẹ jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan, ṣúgà á sá.

Bàbá Ìta-Olókan · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi ló bá mi fi nǹkan yìí sórí fóònù, mo ń kà yín láti àárọ̀. Mo ti lé ní 70, iṣẹ́ rélùwéè ni mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìgbà Baba Wa, mo mọ irú bàbá tí o ń sọ. Bàbá tèmi náà nìyẹn. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko láràárọ̀, máìlì mẹ́rin, wọ́n á tún ru iṣu bọ̀. Wọn ò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọn ò jókòó sórí àga látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé èyí tí a ń jẹ nìkan lo fẹ́ fi ṣe bàbá, tí o ò ní fi ti ẹsẹ̀ kún un? Ìyẹn tán. Tí bàbá bá sì ti dàgbà, ìyàwó kẹrin mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ fún un, ìwọ ọmọ ò lè mọ̀.

Rẹ̀wáyà, àbúrò mi, gbọ́. Ọmọ ọdún 52 ni mí nígbà tí tèmi dé. Ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ dé ni. Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, atenolol, lẹ́yìn oṣù mélòó kan kinní náà kú fin-ín. Èmi náà rò ó bí o ṣe rò ó, àmọ́ mi ò dá a dúró fúnra mi, torí ẹ̀gbọ́n mi kan ti dá tiẹ̀ dúró, apá kan ara rẹ̀ rọ. Mo padà lọ bá dókítà, mo ní, "Dókítà, ẹ wo ojú mi, mo ti di obìnrin." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣeé ṣe kí oògùn yẹn lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn. Ó ní ṣúgà mi náà pọ̀ jù, pé kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru oògùn.

Kò padà lọ́jọ́ kan. Mo ń rìn láràárọ̀, láti ilé dé iwájú ọjà Òrìsúnmbárẹ́, mo tún ń padà. Mo jáwọ́ nínú sìgá, ìyẹn ló le jù. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún o! Àmọ́ ó ń mí, wọ́n sì fún mi ní oògùn tí mo ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá wọn ò tíì lọ.

Ọmọ Láàbù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹ̀wúro. Ìkorò kì í fọ adùn nínú ẹ̀jẹ̀, inú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀fọ́ dáa, ẹ jẹ ẹ́ yó. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ òkèlè ràbàtà mẹ́ta ni ẹ gbé sílẹ̀, ṣúgà ló máa padà dà. Mo ti rí ẹni tó jẹ òun nìkan tí ṣúgà rẹ̀ lé ní 300.

Nọ́ńbà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, tí ṣúgà ò bá tó 100 (mg/dL ni òdiwọ̀n tí mò ń lò), ó dáa. 100 sí 125, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. 126 sókè, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni. Àyẹ̀wò kan tún wà, HbA1c. Òun kì í wo ti òní, ti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ń wò, torí ara ẹ̀jẹ̀ pupa ni ṣúgà ń lẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń lo bí ọjọ́ 120. Ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì kó tó wá sí láàbù lè tan òdiwọ̀n àárọ̀. Kò lè tan HbA1c. 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Rẹ̀wáyà, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1994, lára àwọn ọkùnrin ọdún 40 sí 70: àwọn tí kinní wọn ti kú pátápátá jẹ́ bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà, 28 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Rẹ̀wáyà Òròkí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá Ìta-Olókan, ẹ ṣeun sà. Níbi tí ẹ ti ní "ẹ wo ojú mi", mo gbé fóònù sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ń ta mí. Kì í tilẹ̀ í ṣe pé ó ń ta mí nìkan, nígbà míì ó máa ń dà bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mi ò sì wọ̀ ọ́. Mo rò pé torí mo ń dúró pẹ́ ni. Mi ò mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò wọ̀n ọ́n fún mi láti ọdún méjì. Ṣúgà, láti ìgbà tí mo ti pa oògùn tì, mi ò wò ó. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Kí n ra sildenafil díẹ̀ báyìí, kí n kọ́kọ́ fi tún ilé ṣe, kí n tó máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣé ó burú?

Apòògùn Ìgbóǹnà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:06 alẹ́

Ó burú. Ẹ dúró ọjọ́ díẹ̀.

Ẹni tí dókítà bá ti fún ní oògùn àyà dídùn, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí èyí tó ń jẹ́ isosorbide, tó bá fi sildenafil lé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí á fi ṣubú, kó má sì dìde. Ẹ ò sọ pé ẹ ń lò ó, àmọ́ àyà yín lù ní Sátidé, ẹ ò sì mọ ipò tí ọkàn yín wà. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bóyá ọkàn yín gba eré orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sì mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ iwájú: tó bá jẹ́ pé ẹ lò ó tí kinní ò rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tó ní arùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi fún èyí.

Ọmọ Aláró · Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀

Obìnrin ni mí. Aró là ń rẹ nílé wa ní Òṣogbo yìí, ọwọ́ mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Bùrọ̀dá, ẹ ti sọ̀rọ̀ fún gbogbo èèyàn orí fóònù tán, ẹ ò tíì sọ fún ìyàwó yín. Ẹ ní kò sọ nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ọkọ tèmi bẹ̀rẹ̀ báyìí náà. Á pẹ́ níta, á wọlé, á ní ó ti rẹ òun, á kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó ní obìnrin míì. Mo wo fóònù rẹ̀, mi ò rí nǹkan. Mo rò pé èmi ni mo sanra jù. Mo lọ ra ṣẹ́mí tuntun, kò wò ó. Ọdún kan àti ààbọ̀! Ọjọ́ tí mo rí i tó ń mu omi lóru, kọ́ọ̀bù mẹ́rin, ni mo rántí pé bí ìyá mi ṣe ṣe nìyẹn kí wọ́n tó rí ṣúgà lára wọn. Èmi ni mo fà á lọ.

Ẹni tó ń se oúnjẹ yín ni. Ta ló fẹ́ dín àmàlà alẹ́ kù? Tí ẹ ò bá sọ fún un, á rò pé ọbẹ̀ òun ni ẹ ò fẹ́ mọ́, á tún fi ìyẹn kún ẹ̀sùn.

Nọ́ọ̀sì Mọjú · Ọjọ́rú, 7:20 àárọ̀

Ọmọ Aláró ti sọ ọ́ ju mí lọ.

Ẹsẹ̀ yẹn, bọ̀dá, wáyà ló ń bàjẹ́ níbẹ̀ náà. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́ bóyá nǹkan gún un, torí ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ti ẹsẹ̀, ẹ sọ ti kinní. Ẹ má dúró kí dókítà bi yín. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í bèèrè, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í sọ, báyìí ni wọ́n ṣe ń wo ara wọn títí ọdún fi ń yí.

Rẹ̀wáyà Òròkí · Ọjọ́ Ẹtì, 8:33 alẹ́

Mo ti débẹ̀. Àwa méjèèjì ni. Mo sọ fún un ní alẹ́ Ọjọ́rú, iná ò sí, bóyá ìyẹn ló ràn mí lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Mo ti ń bi Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe fún ọ." Kò wá sọ nǹkan míì mọ́, àmọ́ kò lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Ṣúgà àárọ̀: 268. HbA1c: 10.2. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 158/96. Dókítà wò mí, ó ní kí n ka nọ́ńbà náà sókè fúnra mi. Ó fún mi ní ìwé ìbéèrè márùn-ún nípa kinní, máàkì 25 ni gbogbo rẹ̀, ó ní ẹni tó bá gba 22 sókè ni kò ní ìṣòro. Mo gba 8. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rèé tí mo fi ìdí rẹmi níwájú ìyàwó mi, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti dá mi padà sórí metformin, wọ́n fi oògùn kan kún un, àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo béèrè pé ṣé èyí ò ní pa á, ó ní òun mọ̀ pé mo máa béèrè, pé èyí tí òun yàn kì í sábàá dí i lọ́wọ́. Wọ́n fi wáyà sí mi láyà láti wo ọkàn. Wáyà lára rẹ̀wáyà! Ó ní ó dáa. Sildenafil, ó ní tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wálẹ̀, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ó ní abẹ́rẹ́ wà, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá wà, iṣẹ́ abẹ náà wà, pé ọ̀nà ò tíì dí. Ó ní kò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ máa padà bó ṣe wà. Mo fẹ́ràn pé kò ṣèlérí.

Ìyá mi béèrè omi wọn. Mo ní ó wà ní kọ̀rọ̀, mi ò dà á nù. Wọ́n ní kí n máa mu oògùn dókítà, kí n máa fi omi náà wẹ̀. Mo ní ó dáa, mà.

Bàbá Ìta-Olókan · Ọjọ́ Ẹtì, 9:02 alẹ́

O ṣe é re. Máa rìn o.

Aláṣejù · Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 alẹ́

152/100. Mo dé ṣọ́ọ̀bù apòògùn lónìí. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Omi Ń Ṣàn · Ọjọ́ Ẹtì, 9:41 alẹ́

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n Rẹ̀wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, iná iwájú ọkọ̀ mi ò tàn láti àná, ó ń tàn tó ń kú. Apá ibo ní Ọláìyá lẹ wà?

Rẹ̀wáyà Òròkí · Ọjọ́ Ẹtì, 9:44 alẹ́

Mo ní kí ẹ má wá mi.

Wáyà ilẹ̀ ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó ti so mọ́ irin, ó ti dípẹtà.